Ọ̀bẹ Tí Mo Mú Lọ Bẹ Àna

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Kì í ṣe pé ó wù mí kí n máa rántí rẹ̀. Àwọn ará Ijan ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Bí ẹ bá sì rí i pé mò ń bínú bí mo ti ń sọ ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n bínú. Ó tọ́ sí mi.

Ilé ìwé lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Adó, mo sì ti di igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Ojoojúmọ́ ni ọ̀bẹ ń wúlò fún mi: mo fi ń bó ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo fi ń gé okùn tí wọ́n fi di páálí ìwé, mo fi ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù. Ọwọ́ ìyáàfin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè ni mo ti máa ń yá a. Lọ́jọ́ kan, níwájú gbogbo tíṣà, ìyáàfin yìí ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ lọ ra tiyín. Ọ̀bẹ tí mo fi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ lẹ fi ń ya páálí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá. Mo pinnu pé n óò ra ọ̀bẹ àpò, irú èyí tó ń ká wọnú èèkù rẹ̀. Bàbá mi ní ọ̀kan ní Ìgèdè, kò sì sí ọjọ́ tí kò sí lápò rẹ̀. Bó bá fẹ́ ra iṣu, á yọ ọ́, á gé ìdí iṣu wò díẹ̀, á ká a padà, á sì máa wo olóko náà lójú. Mo fẹ́ máa wo èèyàn lójú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni àbúrò mi, Dàpọ̀, wá bá mi. Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ijan, ó ti ń lọ sí oṣù kan. Ohun tó fà á ni pé Bọ́sẹ̀ rí i pé òpó onígi tí tánkì omi wọn jókòó lé ti ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Dàpọ̀ ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?" Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, èsì kan náà ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tánkì wó lulẹ̀ sórí ilé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì fọ́ ọ pátápátá. Bọ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ lọ mú iyọ̀ ni. Kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó ẹrù.

Bàbá rẹ̀ wá ránṣẹ́ pé bí ẹni gidi kan kò bá ti ìdílé wa wá títí ọjọ́ Sátidé yẹn, òun yóò dá ẹrù ìdána padà. Dàpọ̀ ti rù. Ó ní kí n bá òun lọ, ó ní bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí n óò sọ sórí: n óò sọ̀rọ̀ lórí sùúrù, n óò sì sọ̀rọ̀ lórí bí ó ti yẹ kí ìyàwó máa tẹ́tí sí ọkọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Sátidé pé, mo wọ agbádá, mo dé fìlà, mo gba Fájuyì, ní àárín Adó, kọjá. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń pàtẹ tọ́ọ̀ṣì, àgádágodo àti ọ̀bẹ sórí tábìlì. Kì í ṣe ọmọdé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Mo ní ọ̀bẹ àpò ni mo fẹ́, èyí tí n óò máa mú kiri lójoojúmọ́. Ó mú kékeré kan jáde, onígi léèkù, tó gùn bí ìka ọwọ́. Ó ní, "Bàbá, èyí ló yẹ yín. Ọsàn kọ́ lẹ fẹ́ fi bó?" Mo wo ọ̀bẹ náà, mo wo agbádá tó wà lọ́rùn mi. Ṣé irú èmi ni wọ́n ń na ọ̀bẹ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sí?

Ó mú òmíràn. Ìyẹn ní sísọ́ọ̀sì, ó ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìgò, ó tilẹ̀ ní igi ìtayín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ojú ọ̀bẹ rẹ̀ tí mo mì í wò, ó ń mì bí eyín arúgbó. Mo dá a padà. Mo wá rí ìkẹta fúnra mi. Dúdú ni, ó wúwo lọ́wọ́, bó bá sì ṣí, á ní "kó!" Mo mì í, kò mì. Mo fi fá irun apá mi, ó fá a mọ́ tónítóní. Mo ní èyí ni.

Ọkùnrin náà gbà á, ó ká a, ó ní, "Bàbá, èyí ní ohun tó ń há a bó bá ti ṣí o. Ẹ jẹ́ n fi bí wọ́n ṣe ń pa á dé hàn yín."

Mo ní, "Ìwọ? O fẹ́ kọ́ èmi? Bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀bẹ? Ọmọ Ìgèdè ni mí. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi tọ́ mi."

Ó wò mí. Ó ní, "Kò burú, sà." Ohùn tó fi sọ "kò burú" yẹn, bí mo bá rántí rẹ̀ títí di òní, ara mi á gbóná. Ẹ gbà mí níyànjú o: bí o bá mọ nǹkan, tí ẹni tó fẹ́ rà á kọ̀ kí o sọ ọ́, ṣé kò yẹ kí o rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i? Kí o ní "bàbá, ẹ forí jì mí, ẹ kàn wò ó"? Ó kàn gba owó ni, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn.

Mo ra ọsàn ọ̀rá kan àti búrẹ́dì, torí a kì í lọ sílé àna lọ́wọ́ òfìfo, mo sì wọ takisí tó ń lọ sí Ijan. Ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Màmá kan wà lápá ọ̀tún mi, ọkùnrin tínrín kan sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ti kọjá ìdajì ọ̀nà nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo mú ọsàn kan. Mo yọ ọ̀bẹ. Kó! Mo bó ọsàn náà láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá ní, "Ọ̀bẹ yìí mà mú o." Mo ní, "Ẹ ò tíì rí nǹkan kan, mà." Inú mi dùn débi pé mo fún un lọ́sàn náà.

Mo wá fẹ́ ká ọ̀bẹ mi. Kò ká. Mo fi àtàǹpàkò tì í lẹ́yìn, kò ká. Mo gbé e lé orúnkún, mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbagidi. Màmá ní, "Ẹ rọra o, bàbá." Mo ní, "Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mà." N kò mọ̀ ọ́n. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo gbé e sókè kí n lè rí agbára lò, mo wa eyín pọ̀, òógùn ń dà lójú mi. Ìgbà yẹn gan-an ni awakọ̀ gbé ojú sókè wo dígí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Ohun tó rí ni ọkùnrin alágbádá kan tó wa eyín pọ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀bẹ sókè lẹ́yìn ọrùn òun.

"Jésù! Ajínigbé o!" Ó tẹ bíréèkì. Kí n tó la ẹnu, ọkọ̀ ti ṣófo. Ọkùnrin tó ń sùn yẹn ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Màmá tó ń jẹ ọsàn mi ló ń pariwo jù.

Mo ní, "Ọ̀bẹ ọsàn ni! Tíṣà ni mí!"

Awakọ̀ dúró lókèèrè, ó mú òkúta dání. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ ọsàn ni, ká a kí gbogbo wa rí i."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo wo ọ̀bẹ. Mo ní, "Kò wù mí kí n ká a."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu igbákejì ọ̀gá ilé ìwé jáde! Mo fi ọkàn mi búra pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀bẹ náà dé. N kò bi wọ́n. Awakọ̀ ju ọsàn àti búrẹ́dì mi sílẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n lọ, wọ́n fi mí sílẹ̀ sójú ọ̀nà pẹ̀lú agbádá mi. Ó kù díẹ̀ ká dé Ijan.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ̀bẹ náà sígbó. Ká ní mo sọ ọ́ nù, ṣebí ọkùnrin Fájuyì yẹn ló borí nìyẹn? Mo fi áńkáṣíìfù wé e, mo fi èèkù rẹ̀ síwájú sínú àpò agbádá tó wà ní àyà mi, mo sì kó ọsàn àti búrẹ́dì mi. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ gùn ju àpò lọ, bí mo sì ti ń rìn, áńkáṣíìfù ń yọ̀ bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ wá dúró sí abẹ́ àgbọ̀n mi. Bí mo bá tẹ orí ba, yóò gún mi. Báyìí ni mo ṣe wọ Ijan pẹ̀lú àgbọ̀n lókè bíi sójà. Bàbá arúgbó kan tó jókòó níwájú ilé kí mi, "Ẹ káàbọ̀ o." Mo dá a lóhùn, ojú mi wà lójú ọ̀run. Mo gbọ́ tó ní fún ìyàwó rẹ̀, "Agbéraga wo tún nìyí?"

Bàbá Bọ́sẹ̀ ti kọjá ẹni àádọ́rin ọdún. Àgbẹ̀ ni, ó sì ti ṣe katikíìsì ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà fún ìgbà pípẹ́. Ó ti jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀ nígbà tí mo dé, Màmá Bọ́sẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ń retí mi láti àárọ̀. Ẹ sì mọ àṣà wa: ọkùnrin tó wá bẹ àna kì í tẹríba lásán. Àyà ló ń dà délẹ̀, títí wọn óò fi ní kó dìde.

Mo dúró ní àárín pálọ̀. Mo ro dídọ̀bálẹ̀, mo ro ṣóńṣó ọ̀bẹ tó wà lábẹ́ àgbọ̀n mi. Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bí obìnrin, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, àgbọ̀n lókè.

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé ohun tí mò ń rí nìwọ náà ń rí?"

Màmá ní, "Mò ń rí i."

"Tíṣà, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Irọ́ yẹn ló pa mí. Màmá ti dìde. "Yéè, pẹ̀lẹ́! Bọ́sẹ̀! Mú ìpara tó ń ta yẹn wá. Tíṣà, ẹ bọ́ agbádá kí n bá yín fi ra ẹ̀yìn."

"Ó ti lọ, mà."

"Ìrora tó mú ọkùnrin kúnlẹ̀ ló ti lọ?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gba ẹ̀yìn mi yọ, ó di agbádá mú ní ìsàlẹ̀, ó sì fà á kọjá lórí mi kí n tó rí ọwọ́ dì í mú. Mo gbọ́ nígbà tí ohun kan bọ́. Ọ̀bẹ náà já lulẹ̀, ó gún kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà, ó sì dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bàbá. Bàbá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga.

"Ọ̀bẹ!" Bí inú bá bí Bàbá, ohùn Ijan ló máa ń fi sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ tó fi ń pè mí ní "ẹ" tẹ́lẹ̀ sì ti lọ pátápátá. "Ọ̀bẹ lo mú wọ ulé mi! Èyí tó wó tánkì lé ọmọ mi lórí kò tó, wọ́n tún rán ìwọ tọ̀bẹtọ̀bẹ! Ṣé irú ulé tí ọmọ mi yóò padà sí rèé? Dìde. Kó ọsàn rẹ. Sọ fún Dàpọ̀ kó wá gba ẹrù ìdána rẹ̀."

Mo wá gbogbo ọ̀rọ̀ sùúrù tí mo kọ́ sórí, kò sí ọ̀kan. Ojú Dàpọ̀ ni mò ń rí, bó ti rù, bó ti jókòó sórí àga mi tí kò lè jẹ oúnjẹ. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti fẹ́ tán lórí ọ̀bẹ ọsàn. Inú ń bí mi sí ọkùnrin Fájuyì, inú ń bí mi sí awakọ̀, inú ń bí mi sí Màmá tó bọ́ mi láṣọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí n óò rí sọ fún Bàbá nínú gbogbo rẹ̀. Mo ní, "N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á dé ni, sà."

Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìpara lọ́wọ́.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹni tó tà á fún yín kò fi hàn yín ni?"

"Ó fẹ́ fi hàn mí."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

Mo wo ilẹ̀. "Mo ní ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi."

Bọ́sẹ̀ gbé ìpara kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Ohun tí mo ti ń sọ fún yín láti oṣù kan nìyí, ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tánkì lásán ni. Kì í ṣe Dàpọ̀ nìkan, gbogbo wọn ni. Ohun tó fẹ́ pa wọ́n wà níwájú wọn, o ń fi ọwọ́ tọ́ka sí i, wọ́n á ní ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi. Ẹ wo Bọ̀dá. Wọ́n gbé ọ̀bẹ tó ṣí sílẹ̀ sí àyà ara wọn wọ ìlú, torí kí wọ́n má baà bi ẹnikẹ́ni."

Tíṣà ìṣirò ni mí, mo mọ ìgbà tí èsì bá pé. Agbádá kò sí lọ́rùn mi mọ́, ọ̀bẹ kò sí lápò mi mọ́. Mo da àyà délẹ̀, gbalaja, mo ní, "Òótọ́ ni, Bọ́sẹ̀. Ẹ dákun, sà, ẹ kọ́ mi."

Bàbá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ yọ nínú kápẹ́ẹ̀tì, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó fi ojú èèkù hàn mí. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ti ìdí ojú ọ̀bẹ. Ó fi àtàǹpàkò tì í sí ẹ̀gbẹ́, jẹ́jẹ́, ó sì ká a. Kò lo agbára kankan. Ó ṣí i padà, ó nà án sí mi. "Ìwọ náà ṣe é." Mo ṣe é. "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gé mi ní àtàǹpàkò díẹ̀, Màmá tó ti ń wá ohun tí yóò tọ́jú láti ìgbà tí mo dé sì rí nǹkan dì. Ìgbà yẹn ni Bọ́sẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Bàbá fẹ́ mú ojú le, kò lè mú un le mọ́.

Bọ́sẹ̀ kò bá mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ wá, kó má ṣe rán ẹnikẹ́ni, kó sì wá bi òun bí ó ṣe yẹ kí òpó tánkì rí. Nígbà tó di Sátidé kejì, Dàpọ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bi í, ó sì kọ gbogbo ohun tó sọ sínú ìwé. Òpó oníkọnkéré ló wà níbẹ̀ báyìí, Bọ́sẹ̀ ló sì dúró ti bíríkìlà títí iṣẹ́ fi parí.

Ọ̀bẹ ńkọ́? Bàbá Bọ́sẹ̀ ló ń lò ó. Ó ní owó ilé ìwé mi ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí wọn, á bó ọsàn fún mi, á nà án sí mi pẹ̀lú ọ̀bẹ tó ṣí sílẹ̀, á sì ní, "Tíṣà, ẹ pa á dé ká rí i." Ó ti padà ń pè mí ní "ẹ", ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Mo padà sí Fájuyì. Ìyáàfin ilé ìwé wa kò kúkú ní yá mi ní tirẹ̀ mọ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n mọ̀ mí. Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí kékeré onígi tó kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó nà án sí mi. Mo ní, "Fi bí wọ́n ṣe ń pa á dé hàn mí."

Ó ní, "Bàbá, èyí kò ní ohun tó ń há a. Ẹ kàn ká a ni."

Mo ní n kò gbọ́, kó fi hàn mí. Ó ká a. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Àwọn tó dúró yí tábìlì ká bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ní, "Ẹ wo bàbá tí kò mọ ọ̀bẹ í ká." Inú bí mi dé góńgó. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, wọn kò sọ fún wa pé ojú máa ń ti abéèrè. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ojú tì mí ní Fájuyì ju nílé àna lọ. Mo ki ọ̀bẹ mi bọ àpò, ó wọlé láìyọ ṣóńṣó, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.